Bí mo ṣe ṣírò ọjọ́ orí Crab Nebula pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù mi l'Abẹ́òkúta

Ẹ má rò pé mo ní telescope o. N ò ní. Láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ni mo ní, bátìrì ẹ̀ kì í lò ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ, àti dátà tí mo ń ṣọ́ lò bí ẹni tó ń ṣọ́ epo jẹ. Ẹni tó bá ní ìwọ̀nba yẹn náà lè ṣe ohun tí mo ṣe yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Mo kà á níbì kan pé Crab Nebula, ìkùukùu gáàsì kan lójú ọ̀run, ṣì ń fẹ̀ sí i. Àṣẹ́kù ìràwọ̀ ńlá kan tó bú gbàmù ni, bíbú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní supernova, àwọn ará Ṣáínà rí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ní July 4, 1054, wọ́n pè é ní ìràwọ̀ àlejò, wọ́n ní ọ̀sán gangan làwọn ń rí i fún ọjọ́ 23, lálẹ́ sì rèé, ó tó bí ọdún méjì kó tó pòórá. Ó jìnnà sí wa tó nǹkan bíi 6,500 ọdún ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó bá kúrò níbẹ̀ máa rin 6,500 ọdún kó tó kan ojú wa, torí náà nígbà tí àwọn yẹn rí i, ó ti bú tipẹ́tipẹ́, ìròyìn ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àbúrò mi bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Ọjọ́ tí ìròyìn dé ni gbogbo èèyàn ń kà jàre, òun lèmi náà kà.

Mo wá ro ó pé tó bá ń fẹ̀, tí wọ́n sì ti ya fọ́tò ẹ̀ láyé àtijọ́ tí wọ́n tún yà á lẹ́yìn náà, ṣebí èèyàn lè wọ̀n ọ́n. Bíi mọ́tò tó kúrò ní Kútọ̀ ni, tẹ́ ẹ bá mọ ibi tó dé, tẹ́ ẹ sì mọ eré tó ń sá, ẹ máa mọ aago tó kúrò ní garáàjì. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ ro ó o, John Duncan, onímọ̀ ìràwọ̀ ní Amẹ́ríkà, ti fi fọ́tò méjì wéra ní 1921, ó rí i pé ó ń fẹ̀, nígbà tó sì di 1928 Edwin Hubble, onímọ̀ ìràwọ̀ lòun náà, ní ó máa tó 900 ọdún, pé ìràwọ̀ àlejò 1054 yẹn náà ni.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú ẹ̀, wàhálà lásán. Mo kàn wá fọ́tò méjì lórí Google, ọ̀kan dúdú-funfun, ìkejì aláwọ̀ mèremère, mo gbé rúlà sórí síkírínì (mo mọ̀, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín), mo ṣírò ṣírò, ó ní ìràwọ̀ náà bú ní 1760 ó lé. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé, torí John Bevis nílùú Ọba ti rí nebula náà ní 1731! Fọ́tò méjèèjì ò bára mu ni, ọ̀kan fẹ̀ jù, ìkejì ti yí díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọn aṣọ méjì, tépù kan náà ló máa lò.

Ohun tó padà ṣiṣẹ́ ni Digitized Sky Survey. Ní Palomar, California, wọ́n ya ojú ọ̀run apá àríwá sórí àwo gíláàsì láàárín 1949 sí 1958, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láwọn ọdún 1980, wọ́n wá fi ẹ̀rọ kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ M1 síbi orúkọ (orúkọ mìíràn tí Crab ń jẹ́ nìyẹn), ẹ mú POSS1 Red, ìyẹn fọ́tò Palomar ti àkọ́kọ́, ẹ ní kó jẹ́ 15 arcminute lóròó àti níbùú (ìwọ̀n ojú ọ̀run ni, ọgọ́ta ẹ̀ ló wà nínú dígírì kan), ẹ mú FITS, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má mú GIF, lẹ́yìn náà ẹ mú POSS2 Red, ti ẹ̀ẹ̀kejì, nǹkan kan náà. Méjèèjì ò tó 3MB. FITS yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀, torí ó gbé àdírẹ́sì ojú ọ̀run dání, ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà sì wà nínú ẹ̀.

Mo ṣí wọn nínú SAOImage DS9, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo irú fáìlì yìí, ọ̀fẹ́ lòun náà, ojú ẹ̀ dà bíi ti ìgbà Abacha ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́. Fáìlì kan nínú frame kan, ìkejì nínú frame kejì, ẹ lọ sí Frame, Match, Frame, WCS, ìyẹn ló máa fi àdírẹ́sì ojú ọ̀run yẹn tò wọ́n léra. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gba ohunkóhun gbọ́, ẹ wo àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Tèmi yẹ̀ díẹ̀, mo fi ìràwọ̀ márùn-ún tún un ṣe, alẹ́ méjì ni ìyẹn nìkan gbà, iná ń lọ, iná ń bọ̀.

Ìgbà tó dúró dáadáa, mo tẹ Blink, tó ń fi fọ́tò méjèèjì hàn ní ìkọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Háà! Àwọn ìràwọ̀ dúró jẹ́ẹ́, nebula ń mí. Ó fẹ̀, ó sún kì, ó fẹ̀, ó sún kì, gbogbo fọ́nrán tó wà létí ẹ̀ ń tì síta. Mo pe màámi wá wò ó, àdìrẹ ni wọ́n ń tà n'Ìtòkú, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní "Oníko nìyí, ẹni tó dì í ni ò fà á le, aró ti ráyè wọ̀ ọ́." Wọ́n bá padà sídìí ọbẹ̀ wọn.

Mo mú kókó gáàsì mẹ́sàn-án tó hàn kedere létí nebula náà, mo wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí àárín, mo wọn bó ṣe sún láti fọ́tò kìíní sí ìkejì, mo fi iye ọdún pín in. Ọ̀kan rèé: 150 arcsecond sí àárín (ọgọ́ta ẹ̀ ló wà nínú arcminute kan), ó sì ń sún ní 0.18 lọ́dún. Ẹ fi 0.18 pín 150, ọdún 833 ni. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ọdún tó bọ́ sáàárín fọ́tò méjèèjì, ó gbé mi dé nǹkan bíi 1140. Òmíràn ní 1090, òmíràn ní 1180, ọ̀kan tiẹ̀ ní 1230, ìyẹn ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Mo pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ mo pín in sọ́nà mẹ́sàn-án, 1130 ó lé díẹ̀.

Àwọn ará Ṣáínà sì ní 1054. Mo tún gbogbo ẹ̀ wọ̀n látorí, 1130 náà ni. Kí n má parọ́, ó ṣe mí bíi kí n yọ àwọn kókó tó ń bà mí lójú jẹ́ kúrò, kí n fi àwọn tó sún mọ́ 1054 sílẹ̀, ta ló fẹ́ mọ̀?

Ọjọ́ Sunday ni ẹ̀gbọ́n màámi wá jẹun lọ́dọ̀ wa, bọ́ọ̀sì Kútọ̀ sí Ìbàdàn ni wọ́n ń wà. Mo ń ṣàlàyé ìyà tó ń jẹ mí, mo fi mọ́tò ṣe àpẹẹrẹ fún wọn, bàbá gbé ṣíbí ọ̀fadà wọn sílẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ pé eré tó ń sá báyìí náà ló ń sá láti garáàjì? Mo lè há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ l'Ọ́ṣíẹ̀lẹ̀ fún wákàtí kan, kí n wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí mo bá bọ́. Tó o bá rí mi ní Omi-Àdìó, tó o fi eré ibẹ̀ ṣírò, o máa ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ni."

Mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo sá wọ yàrá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni! Nígbà tí ìràwọ̀ yẹn bú, inú ẹ̀ lọ́hùn-ún fún pọ̀, ó di pulsar tí wọ́n rí ní 1968, ó wúwo ju Oòrùn lọ ṣùgbọ́n fífẹ̀ ẹ̀ ò ju bíi 20 km, ó ń yí nígbà 30 kí èèyàn tó ní "ọ̀kan". Yíyí yẹn ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, agbára tó ń pàdánù ló di ìjì tó ń ti gáàsì yẹn látẹ̀yìn, torí náà nebula ń sáré báyìí ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ, ẹni tó bá fi eré òní ṣírò máa rò pé ọmọdé ni. Virginia Trimble, onímọ̀ ìràwọ̀, wọ̀n ọ́n ní 1968, ó bá nǹkan bíi 1140. Mo pariwo! Èmi tí mo fẹ́ ba iṣẹ́ ara mi jẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo àwọn yòókù. Àṣẹ́kù tí wọ́n ti kà nínú galaxy wa, agbo ìràwọ̀ tí Oòrùn wa wà, lé ní 300, telescope rédíò ló ń rí èyí tó pọ̀ jù, eruku ti bò wọ́n bí ọyẹ́ ṣe ń bo Olúmọ. Ní Small Magellanic Cloud, galaxy kékeré aládùúgbò wa tó jìnnà tó bíi 200,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, wọ́n fi fọ́tò telescope Hubble tó fi ọdún mẹ́wàá jura lọ wọn àṣẹ́kù kan tó ń jẹ́ 1E 0102, nǹkan bíi 1,700 ọdún ni wọ́n bá. SN 1987A, supernova tó wà ní Large Magellanic Cloud, galaxy aládùúgbò míì, ò nílò ìṣírò kankan, ojú wa ni wọ́n ṣe ìkómọ ẹ̀ ní 1987. Galaxy Andromeda ní tiẹ̀, tó jìnnà tó mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ ọdún ìmọ́lẹ̀, fọ́tò Palomar ò lè fi ìsún kankan hàn mí níbẹ̀.

Cassiopeia A, àṣẹ́kù míì nínú galaxy wa, ni mo dojú kọ báyìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n ní nǹkan bíi 1670 sí 1680 ló yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ kò sí àkọsílẹ̀ tó dájú pé ẹnì kan rí i. Òun le ju Crab lọ, torí àwọn kókó ẹ̀ máa ń tàn wọ́n á tún kú láàárín ọdún díẹ̀, èyí tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò kìíní lè má sí nínú ìkejì. Ẹ̀gbọ́n màámi ti ní tí mo bá parí kí n pe àwọn, àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá awakọ̀ tibẹ̀ náà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni àbí ó ti ń tẹ bíréèkì.