Bí Mo Ṣe Gba ₦25,000 Padà Lórí Yàrá Òtẹ́ẹ̀lì Màmá

Ìgbéyàwó ọmọ àbúrò Màmá ló gbé wa láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìkẹjà. Èmi ni wọ́n ní kí n wá òtẹ́ẹ̀lì, torí èmi ni mo máa ń bá gbogbo ilé ra nǹkan lórí fóònù. Orúnkún ń dun Màmá, wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, nítorí náà oníbẹ́ẹ̀dì méjì ni mo wá. Ní agogo méje alẹ́, mo gba Deluxe Twin lórí ìkànnì òtẹ́ẹ̀lì náà gan-an, ₦180,000 fún alẹ́ kan, alẹ́ méjì.

Òtẹ́ẹ̀lì yìí ṣèlérí pé ẹni tó bá gba yàrá lọ́wọ́ àwọn, tó sì rí i ní owó tó kéré sí i níbòmíràn láàárín wákàtí 24, àwọn á dá ìyàtọ̀ rẹ̀ padà. Àmọ́ ọjọ́ gbọ́dọ̀ bára mu, iye èèyàn gbọ́dọ̀ bára mu, irú yàrá náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ irú yàrá yìí ló kọ́kọ́ gbé mi ṣubú.

Kí n tó sùn, mo rí Standard Room òtẹ́ẹ̀lì yẹn kan náà ní ₦160,000 lórí ìkànnì mìíràn. Mo fi ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n fi dáhùn pé àwọn ò gbà. Nígbà tí mo wá fara balẹ̀ kà á, mo rí i lábẹ́ orúkọ yàrá, ní lẹ́tà wínníwínní, pé bẹ́ẹ̀dì ńlá kan tàbí kékeré méjì ni, bó bá ṣe wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn bá dé. Gbogbo ilẹ̀ yàrá náà ò sì ju mítà 22 níbùú lóròó (22 m²) lọ. 28 ni tiwa. Wọ́n jàre mi.

Mo sọ fún Màmá láàárọ̀. Ọjà Ọba ni wọ́n ti ń ta gàrí láti kékeré mi. Wọ́n ní, "Ṣé kóńgò kan náà lo fi wọ̀n ọ́n? Ẹni tí ìdí kóńgò rẹ̀ ti wọnú, ṣé kò ní lè tà á ní pọ́ọ́kú ni?"

Bí mo ṣe pa orúkọ yàrá tì nìyẹn. Mo mú bébà, mo kọ ohun tó wà nínú kóńgò tiwa: bẹ́ẹ̀dì méjì, mítà 28, oúnjẹ àárọ̀ fún èèyàn méjì, a lè fagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọjọ́ méjì kí a tó dé. Mo rí ọ̀kan ní ₦150,000, àmọ́ wọn kì í dá owó yẹn padà bí èèyàn ò bá lè lọ mọ́, mo fi í sílẹ̀. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó ku wákàtí mẹ́ta, mo rí Superior Room òtẹ́ẹ̀lì náà lórí ìkànnì mìíràn, tí gbogbo rẹ̀ bá bébà mi mu. Àwòrán inú rẹ̀ gan-an ò yàtọ̀, títí kan àga pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

₦190,000 ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá ń kánjú á ní ó wọ́n ju tiwa lọ. Àmọ́ owó orí ti wà nínú tiwọn. Lórí ₦180,000 tiwa, VAT 7.5% jẹ́ ₦13,500, owó orí òtẹ́ẹ̀lì ti ìpínlẹ̀ Èkó, 5%, jẹ́ ₦9,000. ₦202,500 la ń san gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dé ojú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti fẹ́ gba owó, kí ẹ tó fi owó méjì wéra.

Ojú ewé yẹn náà ni mo ya àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti àpapọ̀ owó. Mo ya ibi tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀dì àti mítà sí lórí ìkànnì méjèèjì, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúkọ ló yàtọ̀, yàrá kan náà ni. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n béèrè bóyá oúnjẹ àárọ̀ wà nínú owó náà, mo fi àwòrán ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbà: ₦12,500 lórí alẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a gba Iléṣà àti Ìbàdàn dé Ìkẹjà, n kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí mo ti ń wo bẹ́ẹ̀dì. Méjì ni. Màmá jókòó sórí àga pupa yẹn, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn.