Bí Ajagunfẹ̀yìntì Ṣe Lè Lo Ọdún Àkọ́kọ́ Rẹ̀ Lóko

Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó padà sí abúlé lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ló máa ń gbé àpótí irin kan, owó tí ìjọba san fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àti ìgbàgbọ́ pé ilẹ̀ baba wọn ń retí wọn, wálé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi náà ṣe dé sí abúlé wa ní Òkè-Ògùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi gbọ́ ni pé kí ó má ṣe da owó yẹn sínú ilẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Kí oko ọdún náà má ju éékà kan tàbí méjì lọ, kí ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yí i ká kí oòrùn tó mú, kí ilẹ̀ àti àwọn ará abúlé sì ráyè mọ̀ ọ́n.

Ìmúra ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ní Nigerian Armed Forces Resettlement Centre tó wà ní Òṣòdì, l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́, ẹ yan iṣẹ́ àgbẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé oko lẹ ń lọ lóòótọ́. Ẹ tún àkọsílẹ̀ yín ṣe lọ́dọ̀ Military Pensions Board, àjọ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù fún àwọn ọmọ ogun, pàápàá orúkọ ẹni tí yóò gba ẹ̀tọ́ yín bí ẹ kò bá sí mọ́, kí ẹ sì máa yọjú nígbàkígbà tí wọ́n bá pe àyẹ̀wò láti mọ àwọn tó ṣì wà láàyè. Owó oṣooṣù yẹn ni kí ilé máa jẹ. Oko tí ilé ń já jẹ lójoojúmọ́ kí ó tó gbó kì í dé ibi ìkórè.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gba sùúrù jù. Bí ẹ tilẹ̀ mọ ibi tí baba yín ti dáko, ẹ kọ́kọ́ lọ kí olórí ẹbí, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ kí baálẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mú yín dé ààlà lójú àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà. Ní ọdún àkọ́kọ́, ohun ọ̀gbìn tí a ń kórè láàárín ọdún kan ni kí ẹ gbìn. Ẹ má ṣe gbin kajú tàbí igi mìíràn tó ń pẹ́ lórí ilẹ̀, nítorí lójú àwọn àgbà wa, ẹni tó gbin igi sórí ilẹ̀ ẹbí ti sọ pé òun ló ni ín. Èmi kò bi ẹnikẹ́ni. Mo gbin kajú sórí ilẹ̀ tí mo rò pé kò ní àríyànjiyàn nínú, ìbátan mi kan sì wá hú gbogbo rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Inú mi bàjẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí jókòó, mo rí i pé ẹ̀bi tèmi ló ṣáájú.

Kí ẹ tó gba ibì kan, ẹ wo ohun tó ń hù níbẹ̀. Ibi tí ewé akíntọ́lá bá ti dí, tó sì ga, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì lọ́ràá. Ibi tí ẹ̀kan bá ti gbà, ilẹ̀ náà ti rẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀kan yóò sì máa gún iṣu àti ẹ̀gẹ́ nínú ilẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni mo gbà yín níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ inú oṣù Ẹrẹ́nà máa ń tan èèyàn jẹ: a rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a sì lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ dúró dìgbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀ ní oṣù Ìgbé kí ẹ tó gbin àgbàdo. Ní ti ẹ̀gẹ́, éékà kan gba nǹkan bí 4,000 igi bí a bá fi mítà kan sí mítà kan gbìn ín. Ẹ gba igi láti oko tí ewé rẹ̀ kò pọ́n, tí kò sì ká kò, kí ọjọ́ orí rẹ̀ má dín ní oṣù mẹ́jọ. Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí oje funfun bá yọ kíá, igi náà ṣì tutù. Lẹ́yìn náà kí ẹ gé e, kí ẹ sì wo ojú ibi tí ẹ gé: bí fùkẹ̀fùkẹ̀ funfun tó wà láàárín bá fẹ̀ ju ìdajì igi náà lọ, kò tíì gbó. Kí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25, kí ó ní ojú márùn-ún sí méje, kí àdá sì mú dáadáa kí igi má baà fọ́.

Ní ti àgbàdo, sẹ̀ǹtímítà 75 ló yẹ kó wà láàárín poro kan sí èkejì. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi tépù wọ̀n ọ́n, nítorí ìṣísẹ̀ máàṣì tí wọ́n fi kọ́ wa ní bárékè náà nìyẹn, íǹṣì 30. Ẹsẹ̀ yín ti mọ̀ ọ́n. Ẹ na okùn, kí ẹ rìn ín bí ẹ ti ń rìn ín tẹ́lẹ̀, kí ẹ máa fi igi sàmì sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé yóò wá wò yín.

Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2016, ló ń ba àgbàdo jẹ́ jù báyìí. Láti ìgbà tí àgbàdo bá ti hù, ẹ máa yí oko ká lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù. Ẹ dúró ní ibi márùn-ún, kí ẹ wo àgbàdo mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ la ewé àárín wò. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ tó dà bí ìyẹ̀fun pákó, kòkòrò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú oko kékeré, ọwọ́ tó láti pa á bí ẹ bá tètè rí i, ìdí mìíràn sì nìyẹn tí oko ọdún àkọ́kọ́ kò fi gbọdọ̀ tóbi.

Ẹ wọ àáró. Bí ẹ bá bá àwọn ojúgbà yín roko, tí wọ́n sì wá ro tiyín, ẹ ó kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ bẹ ọ̀wẹ̀, kí oúnjẹ sì pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ohùn àṣẹ ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní bárékè. Mo pariwo mọ́ àwọn tó wá bá mi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan nítorí pé wọ́n pẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà tán láìsọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó padà wá títí mo fi lọ bẹ̀ wọ́n nílé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọn yóò fẹ́ kí ẹ ran ètò ààbò abúlé lọ́wọ́, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020. Ẹ fún wọn ní ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tún aṣọ ogun wọ̀. Ní ti òru, ẹni tó ti jagun ní Liberia tàbí ní Bọ̀rnó mọ ohun tí ìró ìbọn ọdẹ lè ṣe sí oorun èèyàn. Ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó yín, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, ni Thomas Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1954, tí àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ fi ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá pé nǹkan bí oṣù méjìlá, ẹ má ṣe hú u kí ẹ tó rí ẹni tí yóò rà á, nítorí láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí a bá hú u ni ó ti ń bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn ìyá tó ń yan gàrí, kí ẹ fẹnu kò lórí iye àti ọjọ́, kí ẹ sì wá mọ iye ìdí tí ẹ ó hú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.