Bí ẹ ṣe lè fi gíláídà rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọ̀rẹ́ nígbà tí atẹ́gùn bá le

Gíláídà ni ìyẹ́ aláṣọ ńlá tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí èèyàn máa ń so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ láti fò. Kí ẹ tó gbéra, ẹ dúró wo atẹ́gùn náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Èyí tó ń fẹ́ ní 25 km/h láìyẹsẹ̀ sàn ju èyí tó ń fò láti 12 sí 30 lọ. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá ti kọjá 15, ẹ má fò lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó fẹ́ fò á kọ́ ara rẹ̀ mọ́ gíláídà, á nà gbalaja, ọ̀rẹ́ kan á di imú gíláídà mú, wọ́n á sì jọ wò ó bóyá ìkọ́ ti wọlé, tí okùn ẹsẹ̀ méjèèjì sì ti dè. Ẹ má ṣe fo èyí láé! Ìkọ́ tí wọ́n gbàgbé ti pa àwọn tó mọ̀ ọ́n fò dáadáa.

Lókè, gíláídà tó ń sá 40 km/h tó kọjú sí atẹ́gùn 30 kò ní rìn ju 10 lọ lórí ilẹ̀. Bí atẹ́gùn bá gbé yín kọjá òkè, ó máa ṣòro láti padà. Nítorí náà, bí atẹ́gùn gbígbóná bá ń gbé yín ròkè, ẹ má jẹ́ kó gbé yín lọ sí ẹ̀yìn òkè bí ẹ kò bá tíì ga tó láti kọjá rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń yí bìrí, ó sì lè dojú gíláídà dé.

Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ dé 300 mítà sí ilẹ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ yan pápá tí ẹ máa balẹ̀ sí, tí kò ní wáyà iná. Atẹ́gùn máa ń dín kù lójijì nítòsí ilẹ̀, torí náà ẹ fa ọ̀pá tí ẹ fi ń darí gíláídà mọ́ra kí eré má baà tán. Ẹ fi rédíò sọ ibi tí ẹ balẹ̀ sí fún ẹni tó ń wa mọ́tò bọ̀ wá gbé yín.