Ewé Ọmọ Ọ̀pẹ Ń Pọ́n: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Ń Ṣe É

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta, ọmọ ọ̀pẹ inú náílọ́ọ̀nù dúdú á gba etí títì kan ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀, láti ọ̀nà Ifẹ̀tẹ̀dó títí dé ọ̀nà Òṣú. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń hu tiwọn láti orí kóró. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé, “Ewé ẹ̀ ń pọ́n o, ajílẹ̀ wo ni kí n fi sí i?” Ẹ má tíì ra ajílẹ̀ kankan. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí pípọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó ń mú ewé ìsàlẹ̀ pọ́n kọ́ ló ń mú ewé àárín, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, pọ́n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yọ èyí tí kì í ṣe àìsàn kúrò

Màrìwò tí kò tíì là kì í dúdú. Ta ló máa sọ ìyẹn fún ará Ifẹ̀? Ìgbà tó bá là tán tí oòrùn sì kàn án ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dúdú bọ̀. Ewé kan ṣoṣo tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó pọ́n tó sì gbẹ nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń dán, ọjọ́ ogbó ló dé bá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àgbọn: àwọn àgbọn kúkúrú kan wà tí igi ewé wọn máa ń pọ́n tàbí kó pupa láti kékeré, torí irú wọn nìyẹn. Ẹ má bá a wá oògùn.

Ọmọ ọ̀pẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lábẹ́ ibòji sínú oòrùn gangan lè funfun tàbí kó jó láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ewé tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá là lẹ́yìn náà yóò dára. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa ṣí ibòji.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé ọ̀kan ni, àbí gbogbo wọn?

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Bí gbogbo wọn bá jọ pọ́n pa pọ̀, omi, iyẹ̀pẹ̀ tàbí oúnjẹ ló fà á. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan láàrin ogún tó dára, ẹ fura sí kóró tó ti wá. Èyí tó hù ní funfun báláú kò ní ohun tí ewé fi ń se oúnjẹ. Ó lè wà láàyè fún ìgbà díẹ̀ lórí oúnjẹ inú kóró, ṣùgbọ́n yóò kú bí ìyẹn bá tán. Èyí tó ní ìlà funfun gbọọrọ láti ìdí ewé dé ṣóńṣó rẹ̀ lè má kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń gbé lọ sóko. Ẹ yọ méjèèjì dànù.

Ọ̀pẹ tí ẹ hù láti orí kóró tí ẹ ṣà nídìí ọ̀pẹ àgíríìkì kò lè rí bákan náà. Àgíríìkì fúnra rẹ̀ jẹ́ àdàpọ̀ oríṣi ọ̀pẹ méjì, nítorí náà ọmọ rẹ̀ máa ń ya síra wọn, kò sì sí ẹni tó lè wo àwọ̀ ewé kó sọ èyí tí yóò so ẹyìn ẹlẹ́ran púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àgíríìkì gidi, kó ra kóró tó ti hù lọ́dọ̀ NIFOR lẹ́bàá ìlú Benin, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀pẹ láti ọdún 1939.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka oṣù rẹ̀

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, inú kóró ni ọmọ ọ̀pẹ ti ń jẹun. Ìdí nìyí tó fi lè dúdú dáadáa nínú iyẹ̀pẹ̀ tí kò ní nǹkan kan nínú. Bí oúnjẹ yẹn bá tán, gbòǹgbò nìkan ló kù tí yóò máa bọ́ ọ. Ọ̀pẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, tí gbogbo ara rẹ̀ ń ṣá, tí ewé ìsàlẹ̀ sì ṣáájú, ebi ló ń pa á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ewé ìsàlẹ̀ àbí ewé àárín?

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ jókòó ti ọ̀pẹ kan, kí ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ṣá káàkiri, láìsí àmì tàbí ìlà, nitrogen ló ṣaláìtó; òun, magnesium àti potassium wà lára oúnjẹ tí gbòǹgbò ń fà nínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹ po yúríà, ajílẹ̀ tó ní nitrogen, nǹkan bí gíráàmù 14 (ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin tó tẹ́jú), mọ́ omi lítà 5; ìyẹn tó fún ọmọ ọ̀pẹ 100 tó ṣì wà nínú náílọ́ọ̀nù kékeré. Ẹ bu ú sí iyẹ̀pẹ̀ tó tutù, kí ẹ sì fi omi lásán ṣan ewé lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà jó. Ìgbẹ́ adìẹ náà dára, bí ó bá ti jẹrà tán. Tútù rẹ̀ a máa jó ọ̀pẹ láti etí ewé wọnú.

Bí ewé ìsàlẹ̀ bá di àwọ̀ ọsàn, ẹ gbé ewé tó bò ó sókè. Bí abẹ́ ibòji yẹn bá ṣì dúdú, tó jẹ́ ibi tí oòrùn ń kàn nìkan ló pọ́n, magnesium ló wọ́n. Ẹ wọ́n ṣíbí tíì kan iyọ̀ Epsom, tó ní magnesium nínú, yí ìdí ọ̀pẹ inú náílọ́ọ̀nù ńlá ká, kí ẹ bomi rin ín. Àmì yìí kì í sábà tan ni jẹ.

Bí ó bá jẹ́ àmì kéékèèké aláwọ̀ ọsàn ló kún ojú ewé ìsàlẹ̀, ẹ nà án sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ojú àmì náà kọjá, potassium ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò bá ní in, ìran ló gbé e wá, ajílẹ̀ kò sì ní mú un lọ. Eérú ààrò ní potassium nínú, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ kí wọ́n máa da á sídìí ọmọ ọ̀pẹ lójoojúmọ́. Potassium àpọ̀jù kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí magnesium gbà, eérú púpọ̀ sì ń mú kí irin inú iyẹ̀pẹ̀ ṣòro fún ọ̀pẹ láti lò. Ìgbà yẹn ni ewé àárín, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, yóò máa pọ́n nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ṣì dúdú. Omi tó dá sínú náílọ́ọ̀nù lè fa irú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ wo ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti dí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wo gbòǹgbò

Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, nígbà tí òjò ń lọ tí ọyẹ́ ń bọ̀, àìsàn kan wà tó lè pa ọmọ ọ̀pẹ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ewé á kọ́kọ́ pàdánù dídán rẹ̀, á pọ́n, á sì gbẹ láti ṣóńṣó wá. Ẹ fa gbòǹgbò kan: bí èèpo rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ tó ṣẹ́ku okùn tín-ín-rín nínú, ẹ má náwó lé e lórí mọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò láàrin àwọn yòókù. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni ibòji láti ìparí oṣù kẹsàn-án àti omi tí kò já. Ẹ tẹ́ èèpo èkùrọ́ sójú iyẹ̀pẹ̀ kí omi má tètè gbẹ.

Àmì àwọ̀ ilẹ̀ tó ní òrùka rúsúrúsú yí i ká, èbu (fungus) ló fà á. Ẹ gé ewé náà, kí ẹ fi àyè sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹ̀yìn ewé bá ṣe bí ìpẹtà tí òwú tín-ín-rín sì wà níbẹ̀, kòkòrò kéékèèké ni. Ẹ máa fi omi tó ń tú jáde tagbára-tagbára fọ ẹ̀yìn ewé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ní sùúrù

Ewé tó ti pọ́n gan-an kì í sábà padà dúdú. Nínú náílọ́ọ̀nù, nǹkan bí ewé kan lóṣù ni ọ̀pẹ ń là, nítorí náà ewé tó là lẹ́yìn ìtọ́jú ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́. Ẹ má fi ajílẹ̀ mìíràn kún un kó tó là. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, dídúdú nìkan kò tó, yúríà lè mú ọ̀pẹ dúdú láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo bí ìdí rẹ̀ ṣe ki tó, kí ẹ wò ó bóyá ewé rẹ̀ ti ń ya bí ìyẹ́.

Bí ó bá tó bí ọdún kan, ó tó gbé lọ sóko, mítà 9 síra wọn. Èyí tí ewé tuntun rẹ̀ mẹ́ta léraléra bá ṣì ń pọ́n lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà.