Bí a ṣe ń tọ́ ọmọ kékeré kó mọ̀wé, kó sì ráyè ṣeré

Bí ẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí wọn: ọmọ ọdún márùn-ún, ọmọ ọdún mẹ́fà, yunifọ́ọ̀mù àárọ̀ ṣì wà lọ́rùn wọn, báàgì ìwé wúwo lẹ́yìn wọn, wọ́n ń tòògbé lórí ọ̀kadà láàárín ọlọ́kadà àti ìyá wọn. Aago méjì ni iléèwé ti jáde. Lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn iléèwé, ni wọ́n ti ń bọ̀, asáínmẹ́ǹtì sì ń dúró dè wọ́n nílé.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní pírámárì kìíní àti ìkejì, mo sì bí tèmi náà. Àkọ́bí mi kò tíì pé ọdún márùn-ún tí mo fi í sí lẹ́sìn, nítorí pé ọmọ aládùúgbò wa ti ń kàwé já geere. Kí sáà kan tó parí, ọmọ tó máa ń kọrin láti ìdí baluwẹ̀ dé ìdí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé pé inú ń run òun. Inú kankan ò run ún. Ìwé ló ti sú u. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni mo fi tún un ṣe, òun náà ni mo sì ń sọ fún òbí tó bá bi mí.

1. Ẹ ka wákàtí ọmọ náà

Ẹ mú bébà àti bírò. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójoojúmọ́. Ti ọmọ ọdún 3 sí 4 jẹ́ wákàtí 10 sí 13, oorun ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Ká ní tiyín jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń sun wákàtí 10, tó sì ń lo wákàtí 6 níléèwé. Nínú wákàtí 24, ó ku 8. Ẹ yọ 2 kúrò fún ìwẹ̀, oúnjẹ àti ìmúra, ó ku 6. Bí lẹ́sìn bá gba 3 níbẹ̀, tí súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀ tún gba 2, wákàtí kan péré ló kù fún un láti fi ṣe ọmọdé. Ọ̀pọ̀ òbí tá a jọ ṣe ìṣirò yìí ló dákẹ́ nígbà tá a débẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọn gan-an, wọn ò kà á rí ni.

Oorun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó gbọ́dọ̀ jí ní aago mẹ́fà àárọ̀, kó ti wà lórí ẹní ní aago mẹ́jọ alẹ́. Kí ọmọ tó jókòó ní kíláàsì ni mo ti máa ń mọ èyí tí kò sùn dáadáa: ohun tó kà fún mi lánàá, á ní òun ò rí i rí.

2. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ le kó tó di pẹ́ńsùlù mú

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní pírámárì lọ́dún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Àwọn tíṣà á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ ò bá tó o, wọ́n á ní kó padà sílé títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀nà yẹn lè ṣìnà nígbà mìíràn, àmọ́ òye wà nídìí rẹ̀, pé ara ọmọ ní àkókò tirẹ̀. Títí dòní, ọdún mẹ́fà ni ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà sọ pé kí ọmọ wọ pírámárì kìíní. Ní Finland, ọdún méje ni. Àwa là ń fi ọmọ ọdún mẹ́rin síbẹ̀, àwa náà là ń bẹ ọ̀gá iléèwé kó jẹ́ kí ọmọ fo pírámárì kẹfà bọ́ sí JSS1. Ẹ má fò ó. Mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tó di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́, torí pé àwọn ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún méjì jù ú lọ ni wọ́n kó o sí láàárín.

Kẹ́ ẹ tó lé pẹ́ńsùlù sí i lọ́wọ́, ẹ fún un níṣẹ́ ìka. Kó bó ẹ̀pà, kó ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, kó já ewédú, kó fi amọ̀ mọ ìkòkò, kó fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sórí yanrìn. Ìka tó lè já ewédú láìfa igi rẹ̀ ya ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kọ̀wé.

Bí ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà bá ń kọ b sípò d, tàbí tí 3 rẹ̀ ń kọjú sẹ́yìn, kì í ṣe olódo. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fi í sílẹ̀ fúnra wọn bí wọ́n bá ti tó ọdún méje, mẹ́jọ. Pàṣán ò lè mú un yá. Bó bá kọjá ọjọ́ orí yẹn tí kò lọ, ẹ bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

3. Oúnjẹ, eré, lẹ́yìn náà asáínmẹ́ǹtì

Bí ọmọ bá ti délé, kó bọ́ yunifọ́ọ̀mù, kó jẹun, kó jáde lọ ṣeré fún wákàtí kan ó kéré tán. Àwọn kan ń sọ pé kó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kó lè fọkàn balẹ̀ ṣeré. Àgbà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti jókòó láti àárọ̀, tí ebi ń pa, á fi wákàtí kan àti omijé ṣe iṣẹ́ tí ì bá ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bó bá ti sáré, tó ti làágùn.

Ẹ yan àkókò kan tí kì í yí padà. Nílé tiwa, aago márùn-ún ni, nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì mọ́, torí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Fún pírámárì kìíní àti ìkejì, ìṣẹ́jú 20 ti tó. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ̀yin náà máa ṣe nǹkan tiyín, ì báà jẹ́ ẹ̀fọ́ lẹ̀ ń gé. Bó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó ka ìbéèrè náà sókè fún yín, kó sì sọ ohun tó rò pé wọ́n ń bi òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́rin, á rí i fúnra rẹ̀ kó tó kà á tán.

Ẹ má gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ̀ yín. Tíṣà mọ ọwọ́ ìyá. Ìdáhùn tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí kò sì tọ̀nà, ń sọ ibi tó há sí fún mi, kí n lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ́la. Èyí tí ìyá bá a kọ tó gba máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ò sọ nǹkankan fún mi. Bí ìṣẹ́jú 20 bá ti pé, ẹ ní kó pa ìwé dé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ibi tó lè dé nìyí.” Tíṣà tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí i.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe torí ìwé ni ọ̀pọ̀ ìyá ṣe ń fi ọmọ sí lẹ́sìn. Ọjà ò tíì tú, ọ́fíìsì ò tíì jáde, kò sí àgbà nílé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá tíṣà lẹ́sìn náà, kẹ́ ẹ ní kó jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹun kí wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sanwó, ẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Tàbí kí ìyá mẹ́ta ládùúgbò fọwọ́ sowọ́ pọ̀: kí ọ̀kan máa mójú tó gbogbo àwọn ọmọ ní ọjọ́ Ajé, ìkejì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ àwa náà ní agboolé.

4. Ẹ gbé ìṣirò lọ sídìí ayò

Ọpọ́n ayò ní ojúlé 12, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Bí ẹ ò bá ní ọpọ́n, ẹ gé ìlà méjì tó ní ihò mẹ́fà-mẹ́fà lára kiréètì ẹyin, kẹ́ ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ pín ọmọ ayò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìsọdipúpọ̀ ló ń ṣe yẹn. Bó bá kó ọmọ ayò méje lọ́wọ́, kó tó gbìn ín, ẹ bi í pé: “Ibo ni èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí?” Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á máa fi ìka tẹ̀ lé ojúlé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á kàn wò ó ni, á dáhùn. Bí ọmọ ayò tó gbẹ̀yìn bá sọ ojúlé yín di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ yín nìyẹn, inú rẹ̀ á sì dùn dé ọjọ́ kejì.

Kó máa fi Yorùbá kà á. Ọmọ tó bá ní “méjìdínlógún” ti yọ méjì kúrò nínú ogún lẹ́nu kó tó mọ̀ pé ìṣirò ni. Kó tẹ́ súwe sórí ilẹ̀, kó kọ nọ́ńbà sí i. Ẹ rán an ní iyọ̀ pẹ̀lú ₦500, kó sọ iye ṣéńjì tó yẹ kó gbà kó tó jáde nílé.

5. Yorùbá lẹ́nu, àlọ́ lálẹ́

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá ń sọ Yorùbá nílé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á bàjẹ́. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní iléèwé St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún odidi ọdún mẹ́fà, tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì láyè ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní pírámárì kẹrin, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ta wọ́n yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Mọ́dákẹ́kẹ́ ò jìnnà sí wa, ó sì yà mí lẹ́nu pé a gbàgbé rẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, lálẹ́, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ pàlọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlọ́ àpamọ̀: òkun ń hó yèè, ọ̀sà ń hó yèè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé wọn lọ sídìí ìkòkò àmàlà, kí wọ́n wo ọmọrogùn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ bíi mẹ́wàá, ẹ ní kí àwọn náà ṣẹ̀dá tiwọn. Ọmọ mi kejì gbé ọ̀kan kalẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà: “Ó dé, gbogbo wa kígbe. Ó lọ, gbogbo wa kígbe.” Iná NEPA ni. Ẹni tó lè ṣe irú èyí ti ń wo nǹkan méjì pa pọ̀, ó ń wá ibi tí wọ́n ti jọra, ó sì ń yan ọ̀rọ̀ tó máa fi bò ó. Kò sí asáínmẹ́ǹtì tí mo fún un rí tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn àlọ́, ẹ ka ìwé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òun ni kó mú ìwé náà. Bó bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ti kà nígbà márùn-ún ló tún mú, ẹ kà á.

Ti fóònù ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má ṣe ju wákàtí kan lọ lójúmọ́ nídìí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n, bó bá sì dín sí i, ó dára jù bẹ́ẹ̀. Kó má sì wọlé oorun pẹ̀lú ọmọ.

6. Nígbà tí káàdì èsì ìdánwò bá dé

“Ṣé orí méjì ni ẹni tó gba ipò kìíní ní?” Gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà, gbogbo wa la sì mọ bó ṣe ń rí lára. Ẹ jẹ́ kó kú sọ́dọ̀ wa. Nínú kíláàsì ọmọ 40, ọmọ kan lè ti ipò kejìlá bọ́ sí ipò kẹẹ̀ẹ́dógún nígbà tí ìmọ̀ rẹ̀ lọ sókè. Ìwé tó fi ń kọ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣí, ti oṣù kìíní àti ti ìsinsìnyí, kẹ́ ẹ gbé wọn síra kí òun náà rí ibi tí òun ti ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá tíṣà, kẹ́ ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: Ta ló máa ń bá ṣeré? Iṣẹ́ wo ló máa ń jẹ́ kó nawọ́ sókè? Ibo ló ti máa ń há? Bó bá ní ó máa ń ṣi ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù kọ, ẹ gbé e lọ ṣàyẹ̀wò ojú kẹ́ ẹ tó bá a wí. Mo ti na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà. Kò rí bọ́ọ̀dù rárá. Mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

7. Ìsinmi, ìsinmi ni

Ìsinmi sáà kẹta gùn, ẹ̀rù sì máa ń ba òbí pé ọmọ á gbàgbé ìwé. Bí lẹ́sìn bá pọn dandan, kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, láàárọ̀ nìkan. Kí ìyókù jẹ́ tirẹ̀. Bí ìyá àgbà bá wà nílé, ẹ jẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ìsẹ́yìn ni mo rán àkọ́bí mi lọ lọ́dún tí mo yọ ọ́ kúrò ní lẹ́sìn. Ìdí òfì ló wà ní gbogbo ọ̀sán, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ka òwú tí wọ́n sì ń yí àwọ̀ padà. Nígbà tó dé, kò sọ̀rọ̀ iléèwé. Ó wá okùn, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga méjì ní pálọ̀, ó jókòó àbúrò rẹ̀ sídìí rẹ̀, ó ní kó máa kà: pupa mẹ́rin, funfun méjì, pupa mẹ́rin.