Bí Mo Ṣe Pa Sláìdì Ẹ̀jẹ̀ Láró Láti Wá Kòkòrò Ibà

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni èyí jẹ́ ní láàbù tiwa ní Ìbàdàn, àgàgà lásìkò òjò tí ibà ń da ọmọdé àti àgbà dùbúlẹ̀. A ó gba ẹ̀jẹ̀, a ó tẹ́ ẹ sórí sláìdì, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré, a ó pa á láró, a ó wá gbé e sábẹ́ máíkrósíkóòpù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ojú tó ń wò ó ló ni iṣẹ́ náà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, aró ló ni ín. Bí aró bá bàjẹ́, ojú tó mú jù lọ yóò pe ìdọ̀tí ní kòkòrò, tàbí kó wo kòkòrò gidi kó má dá a mọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe àwọn sláìdì tí mo parí lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Omi ni mo kọ́kọ́ tọ́jú. Omi ẹ̀rọ lásán kò ṣeé fi po Giemsa, aró tí à ń lò. Omi tí ásíìdì rẹ̀ bá pọ̀ á mú kí gbogbo rẹ̀ pọ́n jù; òdìkejì rẹ̀ á sọ gbogbo rẹ̀ di búlúù. Mo yọ́ hóró bọ́fà, èyí tó ń mú kí ásíìdì omi dúró lójú kan, sínú omi dístíìlì, mo fi mítà wọn pH rẹ̀, ìyẹn bí ásíìdì rẹ̀ ṣe tó, ó sì jẹ́ 7.2. Àwọn tó ń yẹ ìrísí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wò fún àìsàn mìíràn a máa lo 6.8, ṣùgbọ́n 7.2 ni kòkòrò ibà fẹ́ kó tó fi ara hàn dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni mo kan aró fúnra rẹ̀. Gustav Giemsa, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Hamburg, ló gbé e jáde ní 1904. Ṣáájú ìyẹn, ní 1880, Alphonse Laveran, dókítà ológun Faransé, ti rí kòkòrò ibà ní Algeria nínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò pa láró. Ẹ̀jẹ̀ tútù ni ó ń wò, ó sì rí ohun tó ń mira nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tiwa ti gbẹ, kò sí ohun tó ń mira níbẹ̀ mọ́. Àwọ̀ nìkan ló kù tó lè sọ fún wa. Mo da ìwọ̀n tí mo nílò sínú ife kékeré, mo sì sẹ́ ẹ gba inú bébà asẹ́, torí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Giemsa tó bá lẹ̀ mọ́ sláìdì jọ kòkòrò lójú ẹni tó ń kánjú. Mi ò jẹ́ kí ohunkóhun tó tutù kan inú ìgò ńlá. Omi díẹ̀ péré tó gbogbo ìgò náà bà jẹ́.

Nínú àwọn tó wà nílẹ̀ ni ọmọ kékeré kan wà tí ara rẹ̀ ń jó. Ìka tó tẹ̀lé ọmọńdinrín ni mo gún, mo fi òwú gbígbẹ nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ dànù, mo sì tẹ́ ẹ̀jẹ̀ méjì sórí sláìdì kan náà. Ọ̀kan nípọn, mo rọra fẹ̀ ẹ́ ní róbótó; bí mo bá gbé e lé ìwé ìròyìn, lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì ṣeé kà díẹ̀. Èkejì fẹ́lẹ́, mo fi etí sláìdì mìíràn tì í lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò gbọdọ̀ sí ìdádúró láàárín. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ nọ́mbà, torí mẹ́tánọ́ọ̀lù, kẹ́míkà tí a fi ń mú ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́ dúró lórí sláìdì, a máa nu bírò kúrò.

Lásìkò òjò, èyí tó nípọn kì í tètè gbẹ, àwọn kan á sì fẹ́ yá a níná. Ẹ má dán an wò. Ooru á mú kí ẹ̀jẹ̀ náà lẹ̀ pinpin, àwọ̀ pupa rẹ̀ ò sì ní lè ṣàn jáde mọ́. Mo fi ìdérí bò wọ́n, nítorí eṣinṣin àti aáyán a máa jẹ ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí sláìdì.

Ibi tí mo ti ń ṣọ́ra jù nìyí: mẹ́tánọ́ọ̀lù. Èyí tó fẹ́lẹ́ nìkan ni mo rì bọ̀ ọ́, kí sẹ́ẹ̀lì pupa lè dúró ní odindi. Èyí tó nípọn kò gbọdọ̀ fojú kàn án, títí kan èéfín rẹ̀, nítorí omi inú aró ló gbọ́dọ̀ tú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ká, kí kòkòrò àti sẹ́ẹ̀lì funfun nìkan ṣẹ́kù. Torí náà mo gbé sláìdì náà dúró kó gbẹ, apá tó nípọn wà lókè.

Fún àwọn yòókù, mo po mílílítà 3 Giemsa mọ́ 97 bọ́fà, mo sì fi wọ́n sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí aró díẹ̀ tó ṣiṣẹ́ pẹ́ a máa mọ́ ju aró púpọ̀ tó ṣiṣẹ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ yẹn ti dé ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé tọmọ mi ò tíì jáde?”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i, mo fẹ́ rí i dájú.”

Fún ọmọ náà, mo po 1 mọ́ 9, ìṣẹ́jú 10 péré. Nígbà tó pé, mi ò yọ sláìdì náà gba inú aró. Mo rọra da bọ́fà sí etí rẹ̀ kí ìfọ́fọ́ tó wà lójú aró lè ṣàn lọ kó má baà bà lé ẹ̀jẹ̀, mo wá ṣàn án, mo gbé e dúró sórí ráàkì kó gbẹ.

Mo kán òróró sí i, mo sì lo lẹ́ńsì ọgọ́rùn-ún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ni mo kọ́kọ́ wò, torí àwọn ló ń jẹ́rìí aró: ààrin wọn dúdú pẹ̀lú àwọ̀ àlùkò, ilẹ̀ mọ́ kedere. Àwọn òrùka kéékèèké wà níbẹ̀, ara búlúù, ojú pupa kan ní ẹ̀gbẹ́. Falciparum ni, ọ̀kan nínú àwọn irú kòkòrò ibà. Mo ka kòkòrò títí mo fi ka sẹ́ẹ̀lì funfun 200. Bí ẹ bá rí 50 kòkòrò, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 8,000, iye sẹ́ẹ̀lì funfun tí a gbà pé ó wà nínú máíkrólítà ẹ̀jẹ̀ kan, kí ẹ pín in sí 200: 2,000 nìyẹn nínú máíkrólítà ẹ̀jẹ̀ kan.

Ìyá rẹ̀ béèrè pé ṣé plus méjì ni, ìyẹn àmì tí àwọn láàbù kan fi ń sọ bí kòkòrò ṣe pọ̀ tó. Mo dá a lóhùn pé iye gan-an ni mo kọ fún dókítà. Ó wù mí kí gbogbo láàbù fi plus sílẹ̀, nítorí plus méjì ẹnì kan lè jẹ́ plus kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, dókítà ò sì ní lè fi mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.

Nínú àwọn tó dúró fún ìṣẹ́jú 45 ni ti bàbá kan wà, tó ti lo oògùn ibà rẹ̀ tán ṣùgbọ́n tí ibà ò lọ. Téèsì onílà, èyí tí a máa ń ṣe kíákíá láìlo máíkrósíkóòpù, ṣì ń fi ìlà méjì hàn fún un, bí ẹni pé kòkòrò ṣì wà. Téèsì yẹn lè máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú, torí ohun tí kòkòrò fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń rí. Mo wo ojú-ìwò 100, ìyẹn ibi ọgọ́rùn-ún tí lẹ́ńsì ń fi hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí èyí tó nípọn, ilẹ̀ mọ́, aró pé, kò sí kòkòrò kankan. Mo ní kí ọ̀gá mi náà wò ó, àwọn náà ò rí nǹkan. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun mìíràn tó ń fa ibà náà.