Bí mo ṣe pààrọ̀ gílóòbù dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò mi fúnra mi

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò fi rí iye eré tí mò ń sá lálẹ́. Bí mo bá tan iná Corolla mi àtijọ́, ojú mítà á ṣókùnkùn bí inú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ iná iwájú àti tẹ̀yìn ń tàn dáadáa.

Mo pààrọ̀ fíùsì, òfo. Mo yí bọ́tìnì tó ń dín iná mítà kù, òfo. Ríwáyà kan (àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe) ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta níbí, sọ pé àfi ká tú gbogbo wáyà. Mo ní ẹ ṣé o, mo bá wa mọ́tò mi lọ sílé.

Ní Sátidé, mo kọ́kọ́ yọ wáyà nẹ́gétíìfù lórí bátìrì. Mo tú férémù tó yí mítà ká, mo tú súkúrù tó di mítà fúnra rẹ̀ mú, mo rọra fà á síta, mo sì yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀. (Ẹ má fi agbára fà á, ike àtijọ́ kì í pẹ́ kán.) Ilé gílóòbù wà lẹ́yìn níbẹ̀, ẹ yí i díẹ̀ sápá òsì, á yọ. Gílóòbù kékeré tí wọ́n ń pè ní T10 ló wà nínú tèmi, méjì ti dúdú.

Mo fi gílóòbù LED tí mo rà lọ́jà Kútọ̀ sí i, mo dá sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà bátìrì padà, mo tan iná wò. Ọ̀kan kọ̀, kò tàn! Inú mi bàjẹ́ gan-an. Àṣé LED ní pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù. Mo yọ ọ́, mo yí ojú rẹ̀ padà, ló bá tàn.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó dé e padà. Mọ́tò tiyín lè lo gílóòbù mìíràn o, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà.